Ilé Ìyá Bàbá Mi Tí Kò Ní Fọ́tò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìhà Ajah yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, kò tíì sí géètì níbì kankan. Bàbá ayàwòrán kan wà ládùúgbò wa tí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tayé àtijọ́ pátápátá. Yóò ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kó tó ya èèyàn. Oòrùn ló fi ń tẹ fọ́tò. Yóò tẹ́ bébà sábẹ́ gíláàsì tí àwòrán ti wọ̀, yóò gbé e sí àgbàlá, títí ojú èèyàn á fi máa yọ díẹ̀díẹ̀, ní pupa rúsúrúsú. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti ń yà wá, kì í gbé àpótí náà jáde.

Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀, àwọn sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọn ò kí baálé kankan. Wọ́n gbé irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn kalẹ̀, wọ́n di ojú kan, wọ́n wò. Ilé tí wọ́n bá wò bẹ́ẹ̀, ọ̀dà pupa ni wọ́n ń fi sàmì sí i lára, ó di wíwó nìyẹn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá bàbá mi wá bẹ bàbá ayàwòrán pé kó ya fọ́tò ilé òun sílẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí. Ó gbà, ó gbé àpótí náà jáde lọ́jọ́ náà. Kó tó ki orí bọ aṣọ, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti rí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú ilé. Wọ́n ní òun náà ti ń bá àwọn sọ̀fíyọ̀ wọn ilẹ̀. Ìyá àgbà ń pariwo, wọn ò gbọ́. Wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n fi igi rẹ̀ dáná. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Katapílà wó ilé náà lójú ìyá àgbà, a ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé irú àpótí yẹn dé. Ó ní òun ń fi kámẹ́rà àtijọ́ ya gbogbo Lẹ́kì, oòrùn lòun náà fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo mú un lọ sẹ́nu géètì ẹ́sítéètì tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ wa. Ẹ̀ṣọ́ jáde sí wa.

"Màmá, ẹ má bínú, no photo níbí o. Ọ̀gá ò gbà."

Nígbà tiwa, a kì í tilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Lónìí, wọ́n ń ti géètì mọ́ onílé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ní kí ọmọ náà ya èmi àti géètì náà.

Fọ́tò náà rèé. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló ń bí ìyá yín nínú tó báyìí, ẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló jókòó sí.