Ìkùukùu Tí Mo Gbà Bọ̀ Láti Ẹ̀fìrè

Mo kírun àsùbáà tán, mo di ẹ̀kọ mẹ́fà àti àkàrà gbígbẹ sínú àpò, mo sì jáde ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ìyé, ìyá wa, sìn mí dé ẹ̀yìn odi. Ó kàn ní kí n má ṣe jẹ́ kí omi kan àwòrán náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àwòrán ṣe jẹ́. Súnmọ́nù ẹ̀gbọ́n mi ru epo pupa lọ sí Èkó ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó wọ ọkọ̀ òkun níbẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ogun òyìnbó parí tí ọ̀nà là, a rò pé yóò yọjú, kò yọjú. Àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Bàbá Àgọ́ nítorí pé Àgọ́-Ìwòyè ló fi ṣe ilé, sọ pé ó tó àkókò láti ka ọmọ náà sí òkú, kí a ṣe fìdáù fún un, kí a sì pín oko obì rẹ̀. Ó ti dá Jímọ̀ tó ń bọ̀. Orí èyí ni a wà tí obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ fi jíṣẹ́ fún wa pé àwòrán Súnmọ́nù ti dé Ẹ̀fìrè, pé ó wà lọ́wọ́ bàbá kan tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn wá. Bàbá Àgọ́ ní kí n lọ gbà á. Bí òun bá rí ojú Súnmọ́nù nínú àwòrán, ọ̀rọ̀ fìdáù parí nìyẹn.

Mo ti kọjá Ìlápòrú kí oòrùn tó mú. Abẹ́ igi obì ni ọ̀nà gbà títí dé ibẹ̀, ó mọ́ bí àgbàlá. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ojú ọ̀nà tóóró, gbòǹgbò igi kún inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ká ṣòkòtò wọ odò. Mo sùn ní abà kan. Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ pupa wa tán, iyanrìn funfun bẹ̀rẹ̀, ọ̀pẹ ògùrọ̀ sì gba ipò igi obì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Abígí. Ẹja tí à ń ra ẹyọ kan ní igba owó ẹyọ nílé, mẹ́ta ni wọ́n fún mi ní igba níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé mi lọ sí Ẹ̀fìrè kọ owó ẹyọ, ó ní ó wúwo fún ọkọ̀ òun. Tọ́rọ́ kan nínú owó òyìnbó ló gbà. Ó ní kí n jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí n má wo omi. Mo wò ó. Èmi tí mo dàgbà sáàárín igbó, n kò mọ̀ pé ojú ọ̀run lè tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mo ń rò ó pé bóyá irú èyí ni Súnmọ́nù rí tí kò fi lè padà sílé.

Bàbá Jeremáyà ni orúkọ ẹni tí mo wá bá. Ó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé pupurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú mi. Pupurú yìí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ rìbìtì, tí wọ́n yan lórí iná. Èéfín wà lẹ́nu rẹ̀, kò jọ ẹ̀bà wa rárá. N kò jẹ púpọ̀. Bàbá náà rí i pé ara mi kò balẹ̀, ó sì ṣí agolo kan, ó fa bébà líle kan yọ.

Mo wá ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀ títí. Bébà náà dú bí ìdí ìkòkò. Láàárín rẹ̀ ni ohun funfun kan wà bí èéfín oko tí a ń sun lọ́gbẹlẹ̀, àmì funfun wínníwínní sì wà káàkiri. Mo yí i sókè, mo yí i sódì.

Mo ní, "Bàbá, ojú rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Kì í ṣe ojú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Ó wá ṣàlàyé. Súnmọ́nù ń bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ lórí òkè tútù kan ní ìlú wọn. Iṣẹ́ òyìnbó náà ni kó máa wo ìràwọ̀. Ó ní irin gbọọrọ kan tó ní dígí lẹ́nu, ó máa ń kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí yóò sì máa sẹ̀ sórí dígí mìíràn nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sínú igbá. Súnmọ́nù ló ń fọ dígí wọ̀nyí nínú yàrá tó ṣókùnkùn, òun náà ló ń tẹ àwòrán inú wọn sórí bébà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ìkùukùu ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òjò. Àárín ìràwọ̀ ló wà, ó sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí a rí yẹn ti gbéra kí a tó bí àwọn bàbá wa.

Ìyàwó rẹ̀ ní lójú tòun, ó jọ ìfófòó omi níbi tí ẹja ń yé sí. Mo bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí òyìnbó náà pè é. Bàbá Jeremáyà ní àwọn kan sọ pé ibẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń di ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá Súnmọ́nù kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọdọọdún ló ń yà á, tó ń wò ó bóyá ó ti yí padà.

Mo bi í pé ìgbà wo ló rí ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn.

Ó ní, "Ó di ọdún méjì. Ó ní kí n bi yín bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà."

Mo ní ó wà. Ọdún méjì ni ìbéèrè yẹn ti wà lọ́nà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá jẹ́rìí; ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú hàn mí. Mo di àwòrán náà sínú aṣọ mẹ́ta, mo sì kọrí sílé ní ọjọ́ kejì. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Ta ni yóò fi ìkùukùu gba ẹnìkan sílẹ̀ lọ́wọ́ fìdáù?

Ọ̀sán Àlàmísì ni mo wọlé. Bàbá Àgọ́ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó gba àwòrán náà, ó wò ó, ó sì ní èéfín ni mo rìn lọ gbà, ẹnikẹ́ni lè fi èéfín ránṣẹ́.

Ìyé wa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Kò béèrè ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìka kan igun ìsàlẹ̀ bébà náà, níbi tí ohun kan bí ìdọ̀tí wà, tí èmi ti rí tí n kò kà sí. Mo súnmọ́ ọn. Àmì ojú ìka ènìyàn ni, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ nígbà tí bébà ṣì tutù, ìlà kan sì dábùú rẹ̀ láti etí dé etí.

Ó ní, "Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí. Ibi tí àdá gé e. Èmi ni mo di ojú ọgbẹ́ yìí fún oṣù kan."

Bàbá Àgọ́ dìde, ó wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, "Oko mi ni àdá ti gé e."

Wọn kò ṣe fìdáù ní ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì fọwọ́ kan oko obì náà. Mo rìn ọjọ́ mẹ́fà, àárín àwòrán ni mo ń wò, mo ń bi gbogbo ayé léèrè ohun tó jẹ́. Ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ kò wo ibẹ̀. Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi nìyẹn.

Inú àpótí aṣọ Ìyé ni àwòrán náà wà. Ó máa ń mú un jáde lọ́sàn-án, ó sì máa ń fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé àmì yẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí.

Ó ní, "Mo ti rí ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló kù."