Ilé Olówòkéré Nínú Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ Ṣèyífúnmi ní Zion Pepe, ìlú orí omi, ni kí ó máa kó àwọn èèyàn wọlé. Kì í ṣe ilé onípákó o. Inú fáìlì XML lórí kọ̀ǹpútà ni, èyí tí ìjọ ìlú náà fẹ́ fi tọ́jú ìtàn wọn. Ètò tó ń lò kì í fi kóòdù han èèyàn. Àpótí ló ń fi hàn. Àdúgbò nìyí, inú àdúgbò ni ilé wà, inú ilé ni ènìyàn wà. Ẹni tó bá fẹ́ ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, bọ́tìnì ọlọ́fà ni yóò fi jáde lẹ́nu ọ̀nà ná. Ibi tí kọ́sọ̀, ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ, bá sì dúró sí ló ń sọ ohun tí èèyàn lè fi síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé ju ọ̀pọ̀ àna lọ.

Moríkẹ́, ìyá rẹ̀, kò rí ti ẹ̀kọ́ ilé rò. "Ṣé o ti fi bàbá rẹ síbẹ̀?"

Olówòkéré, bàbá náà, padà sínú ilé wọn ní Araromi lọ mú àwọ̀n lọ́jọ́ tí òkun gbé àdúgbò náà lọ. Wọn kò rí òun, wọn kò rí ilé. Láti ìgbà náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ kan a máa rìn lórí afárá pákó iwájú ilé wọn tuntun. A lọ, a bọ̀, kì í kan ilẹ̀kùn. Moríkẹ́ ní ọkọ òun ni, kò rí ilé wọ̀.

"Màámi, inú ilé nìkan ni wọ́n ń fi èèyàn sí. Òkun sì ti gbé tiwa."

"Kọ́ òmíràn fún un. Ẹni tó ń fi ìka kọ́lé, kí ló tún ń wò?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí fáìlì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, Ṣèyífúnmi gbé kọ́sọ̀ jáde nínú ilé tó kẹ́yìn, ó tẹ "Fi kún un," ó yan ilé. Àpótí òfìfo yọ. Ó wọnú rẹ̀, ó yan ènìyàn, ó kọ Olówòkéré. Ó ku àmì pupa kan: dandan ni kí ó sọ ibi tí ọkùnrin náà wà. Ó ronú títí, ó kọ ọ́: "Ó wà nílé." Àmì pupa náà kú. Ó fi fáìlì ránṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan kọjá, ìgbì rẹ̀ gbá òpó ilé, omi dákẹ́. Pákó kò dún.

"Ó ti wọlé," ni Moríkẹ́ wí, ó sì bu ẹja ńlá fún ọmọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pákó kò dún. Moríkẹ́ bu oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Ó ń tẹ́tí.

"Ṣèyí."

"Màámi."

"Ẹsẹ̀ yẹn, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bó o bá ti sùn. Mi ò sọ fún ẹ ni."

Ṣèyífúnmi sún abọ́ oúnjẹ mọ́ ọn, Moríkẹ́ tì í padà.

"Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé wọn kì í fi yọ èèyàn jáde?"

"Wọ́n ń fi yọ ọ́, Màámi. Ṣùgbọ́n fáìlì ti lọ."

Moríkẹ́ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó padà wá jókòó.