Ọjọ́ tí Ìyá Ìjọ Wá Jẹ́jọ́ Níwájú Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe adájọ́ kékeré ní Jonesboro, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó sáré jù lójú títì. Kí n má purọ́, aṣọ dúdú adájọ́ yẹn dùn mọ́ mi ju òfin fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń lọ̀ ọ́ kí n tó jáde nílé. Màá wá dúró níwájú dígí, màá fajú ro títí ọkọ mi á fi bèèrè bóyá inú ń run mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé kọ́ọ̀tù pe orúkọ kan, mo gbójú sókè, mo rí ìyá ìjọ wa. Àwọn ló kọ́ mi ní Bíbélì nígbà tí àwọn òbí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa wá sí Atlanta, àwọn náà ló máa ń fà mí létí tí mo bá sùn nínú ìsìn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, orúnkún mi sì ti ń tẹ̀. Bí adájọ́ bá sì dìde, gbogbo kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ dìde. Agbẹjọ́rò dìde, ọlọ́pàá dìde, gbogbo àwọn tó wá jẹ́jọ́ dìde. Mo ṣe bí ẹni tó ń tún aṣọ ṣe, mo jókòó. Àwọn náà jókòó.

Ọlọ́pàá ní màmá sáré jù lórí òpópónà I-75. Ìyá ìjọ, tí wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àwọn ò gbọ́ òyìnbó. Ni wọ́n bá pe ògbufọ̀, ọkùnrin kan láti Loganville tó fún táì mọ́rùn pinpin.

Màmá ní, “Sọ fún ọmọ yẹn kó má fajú ro sí mi. Èmi ni mo ń nu imú ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré.”

Ògbufọ̀ wúkọ́, ó fi òyìnbó sọ pé, “Ó ní òun kí kọ́ọ̀tù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.”

“Sọ fún un pé ìpàdé àdúrà ni mò ń sáré lọ. Àdúrà ta la fẹ́ gbà? Tiẹ̀ náà ni! Kó lè dókè!”

“Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ kan tó kan ìlọsíwájú kọ́ọ̀tù yìí.”

Mo ń gbọ́ èdè méjèèjì, mo sì ń bu ètè mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni kí n sọ pé mo mọ ìyá yìí, kí n gbé ẹjọ́ náà fún adájọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi. Mo tún bèèrè ìbéèrè kan sí i, kí n lè gbọ́ ohun tí ògbufọ̀ máa sọ.

Màmá wá wò mí lójú, ohùn wọn sì yí padà. “Ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá gba láísẹ́ńsì mi, ta ló máa gbé bàbá tó ń ṣàìsàn nílé lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀?”

Lọ́tẹ̀ yìí, ògbufọ̀ kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò.

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ fún kọ́ọ̀tù pé mo mọ màmá, pé mo sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bírò bọ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀. Adájọ́ àgbà tó gba ẹjọ́ náà bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì ní kí wọ́n lọ kọ́ mọ́tò wíwà, ṣùgbọ́n kò gba láísẹ́ńsì wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mo kúnlẹ̀ kí màmá tí wọn ò dá mi lóhùn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní, “Dìde jàre. Ká ní o fi mí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, mi ò bá má fọkàn tán ẹ mọ́.” Irọ́ ni o. Inú wọn ì bá dùn dọ́ba!

Ní báyìí, mo ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn tí à ń dá ẹjọ́ wọn kì í sábà wá síwájú wa, ìwé wọn ló ń wá. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo máa ń wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, màá wá bi ara mi pé ta ló wà nílé tó ń dúró de ẹni yìí.