Níbo Lẹ Máa Gbé Ẹsẹ̀ Mi Sí?

Ẹni tó bá mọ̀ mí nílùú Ọ̀fà mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, kí n tó dé bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ̀yìn, mo ti kí gbogbo èèyàn, mo ti bá ẹni tí kò jẹun jà, mo ti fi ẹni tó ń hanrun ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwa nọ́ọ̀sì jọ, tí obìnrin kan láti Ìlọrin ní òun fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹ̀rín pa mí. Èmi kẹ̀? Èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ?

Àṣé dídákẹ́ ló fẹ́ kọ́ wa. Ó ní kí á jókòó, kí á má dúró lé aláìsàn lórí. Ó ní kí á bi í ní ìbéèrè tí kò ní lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, kí á wá panu mọ́. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, kí á tún ohun tó sọ gbẹ̀yìn sọ fún un, kó lè mọ̀ pé a gbọ́. Èyí tó wá le jù níbẹ̀, ó ní bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀ ikú tàbí ìbẹ̀rù, kí á yé ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lé e lórí. Gbogbo yàrá hó yèè. Kí ni kí á wá sọ? Ṣé kí á ṣe àmín ni? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tá a bá ké bẹ́ẹ̀ fún kàn máa ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì ni, kò sì ní sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo jáde níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún, tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo sì ti mọ ẹni tí mo máa fi dán an wò.

Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, àgbẹ̀ oníṣu láti Òjòkú, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣì ń bọ òrìṣà ilé baba wọn. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Egbò kékeré abẹ́ ẹsẹ̀ ti di ńlá, ẹsẹ̀ òsì sì ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Dọ́kítà ò fi bò rárá: bí wọn ò bá gé ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ Jímọ̀, jíjẹrà yẹn á gòkè, á sì pa á. Bàbá ní wọn ò ní gé nǹkan kan lára òun, kí wọ́n dá òun padà sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà níbí ní Ọ̀fà, ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí Bàbá bá ti la ẹnu pé bí wọ́n bá wá gé e ńkọ́, ọmọ á ti ké pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Bàbá, ẹ ò ní kú. Àwa nọ́ọ̀sì á ṣe àmín. Bàbá á kọjú sí ògiri. Ọmọ yìí kúkú fẹ́ kí wọ́n gé e o. Sísọ rẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó débi pé orí Bàbá ga ju tèmi lọ. Mo bi í pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ẹsẹ̀ yìí. Mo sì panu mọ́.

Yéè, ẹ wá wo ìyà! Ahọ́n ń yún mi. Fáànù ń yí, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè lójú títì, Bàbá ò fọhùn. Anti tíṣà, ọmọ rẹ̀, tó dúró tì wá, fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti ń rò ó pé obìnrin Ìlọrin yẹn ti tàn mí jẹ, ni Bàbá bá yíjú padà.

"Níbo lẹ máa gbé e sí?"

Ó ti dé ètè mi kí n ní kó má ronú ìyẹn. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ibi tá a máa gbé e sí ni ẹ ń rò."

Ni ọ̀rọ̀ bá ń tú jáde. Ó ní lọ́jọ́ tí òun dé, òun rí ọkùnrin kan tó ń da báńdéèjì àti ìdọ̀tí sínú iná lẹ́yìnkùlé ilé ìwòsàn. Ṣé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òun ń lọ? Òun ti fi ibi tí wọ́n máa sin òun sí han àwọn ọmọ òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba òun gan-an. Ṣé wọ́n á wá gbé ìyókù òun lọ síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ òun di eérú ní Ọ̀fà?

"Ikú ò bà mí lẹ́rù, ọmọ mi. Mi ò kàn fẹ́ dé iwájú baba mi kí ara mi má pé."

Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n, kó jẹ́ kí n lọ béèrè. Mo sáré bá dọ́kítà. Ó ní àwọn ará ilé lè gbé e lọ sin, kí wọ́n ṣáà ti sọ ṣáájú. Ó ní gbogbo ìgbà là ń gbé e fún àwọn tó bá béèrè. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ìgbà! A ti bẹ Bàbá, a ti gbàdúrà, a ti halẹ̀ mọ́ ọn, ẹnì kan ò bi í léèrè pé kí ló dé.

Mo sáré padà wá sọ fún un. Ó ní ta ló máa wá gbé e dé Òjòkú. Mo wo ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún un láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín àwọn abọ̀rìṣà ilé wọn, tí gbogbo ìjọ á sì gbọ́. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Èmi ni màá gbé e, Bàbá."

Kò fi Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kankan kún un. Bàbá bá ní kí wọ́n gbé ìwé wá kí òun tẹ̀ka. Inú mi dùn débi pé mo ń jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mátíróònù bi mí bóyá físà mi ló jáde.

Wọ́n gé e lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì lọ dáadáa. Anti tíṣà fi ìborùn ara rẹ̀ wé ẹsẹ̀ náà, ó háyà kẹ̀kẹ́ lọ sí Òjòkú. Nígbà tó padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, erùpẹ̀ pupa ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Bàbá bi í pé ọwọ́ wo ni wọ́n sin ín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba òun. Ó ní ọwọ́ òsì, nítorí ẹsẹ̀ òsì ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Bá a ṣe ń bá a rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì òdìkejì, tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ Ajé, pè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò ní jí níbẹ̀."

Èmi àti Anti tíṣà yanu lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọlọ́run má..."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè látorí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Mo lọ fa àpótí.