Àárọ̀ Àwọn Ewé Ìyá Àgbà

Òórùn ẹfinrin ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì pọ̀ ju ti ìgbà gbogbo lọ. Mo sáré jáde, mo bá ewúrẹ́ aládùúgbò nínú ọgbà wa. Ewé tí ọyẹ́ fi sílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ náà ti jẹ ẹ́. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, dúró láàárín wọn, omi àlùwàlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà náà. Ìyá àgbà tó ti Ìlọrin wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Ungwan Shanu lókè Ọya, kì í lo oògùn òyìnbó: ẹfinrin fún inú rírun, òdúndún fún ikọ́. Ó ní, "Ìlú tí mi ò ti lè gbin ewé, kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Òun ló ń di irun mi, ẹní kan náà la jọ ń sùn sí. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ń sunkún: "Don Allah, Ìyá àgbà, ẹ má lọ."

Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Kudenda, bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun lóṣù kan. Ó ti rí koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ iná tó fà sínú ilé adìyẹ kan ní Barakallahu. Ó palẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí wa tí kò ní fèrèsé mọ́, ó fi iná funfun gígùn kọ́ sókè, a to agolo ọ̀dà tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, a gbin ewé sínú wọn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín: "Àlàbí, ṣé ewé lo fẹ́ fi gílóòbù tàn jẹ?"

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ìyá." Gbogbo nǹkan ni Bàbá máa ń sọ bẹ́ẹ̀ sí, títí kan ẹ̀wà tó ń jóná.

Ewé hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kì í já ewé lálẹ́. Ó ní wọ́n ń sùn. Bẹ́ẹ̀, alẹ́ ni iná máa ń dé ládùúgbò wa. Ikọ́ wá mú un. Bí iná bá dé, á ní ilẹ̀ ti ṣú. Bílẹ̀ bá mọ́, á ṣílẹ̀kùn, á bá òkùnkùn biribiri, á ní wọn ò tíì jí. Òdúndún kún agolo, kò já ẹyọ kan. Oṣù Bàbá ń parí lọ, báàgì Ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná dé bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà. Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ: "Ìyá àgbà, ilẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni!"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ó tẹ̀ síwájú òdúndún: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ ò jí bí?" Ó já a, ó yan án lórí iná, ó fún omi rẹ̀ mu. Ó tú ẹrù rẹ̀ kí a tó jẹun.

Láti ọjọ́ náà, bí iná bá dé, ariwo tiwa ni "Ilẹ̀ ti mọ́ o!" Màmá Hauwa tó ni ewúrẹ́ á béèrè láti òdìkejì ògiri pé, "Haba Hajiya, ina kwana da yamma?", ìyẹn ni pé ṣé ìrọ̀lẹ́ là ń kí ẹ káàárọ̀. Ìyá àgbà á sì dáhùn, "Lafiya lau!", pé àlàáfíà ló jí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lóòótọ́.

Nígbà náà, mo gbà pé ewé ló dá Ìyá àgbà dúró sọ́dọ̀ wa, mo sì fi ń yangàn káàkiri. Ní báyìí, èmi náà ń gbin òdúndún lábẹ́ iná nílé mi. Mo ti rí i pé omi lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò lágbára bíi ti inú oòrùn. Ẹni tó mọ ewé bíi Ìyá àgbà ti ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ wa, ó ń mu ún lójú mi, ó ń ní, "Àdùkẹ́, èyí mú ju ti Ìlọrin lọ."