Abọ́ Tí A Gbé Wọ Agbowó

Lánàá, bí mo ti ń ti ọjà Bódìjà bọ̀, òórùn àpò ìrẹsì tuntun ta sí mi nímú, mo sì dúró. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ń pín ìrẹsì lẹ́bàá títì. Màmá àgbà kan gbé tiwọn sókè fún fọ́tò, oníkámẹ́rà sì ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gidigidi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó kàn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, a ní ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ wa ní Bódìjà. Àwa ọmọbìnrin méjìlá ni, èmi sì ni akọ̀wé, nítorí pé ìwé kíkọ mi dùn ún wò. Lẹ́yìn ilé ìwé, a máa ń kan ilẹ̀kùn kiri, a ń tọrọ gààrí, ẹ̀wà àti ọṣẹ fún àwọn tí kò ní. Bàbá kan dẹ ajá sí wa. Lọ́jọ́ kejì a tún padà lọ, ìyàwó wọn sì fún wa ní odidi páálí ọṣẹ kan, mo gbà pé ìtìjú ajá yẹn ni. Rísíkátù, ọ̀rẹ́ mi, ló máa ń ru ẹ̀wà, torí pé ọrùn rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ.

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnlékè, olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà, kó orúkọ ìdílé mẹ́wàá jọ ní Agbowó, wọ́n sì kà á sí wa létí. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ yóò lọ kó àwọn ìyá náà wá lọ́sàn-án, wọn yóò máa kúnlẹ̀ gba tiwọn lórí pèpéle, ayàwòrán yóò sì máa yà wọ́n. Orúkọ kẹfà ni ti ìyá Rísíkátù. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Rísíkátù kò sì sọ fún ẹnì kankan, àní fún èmi pàápàá.

Nígbà tí a jáde, ó ní, “Tí wọ́n bá pe màámi síbẹ̀, mi ò ní wá sílé ìwé yìí mọ́.” Mo mọ̀ pé kò ṣeré.

Mo lọ bá olùkọ́ wa. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a ò lè gbé e lọ bá wọn nílé ni?”

“Ta ló máa wá mọ̀ pé a ṣe é?” Wọ́n ní kí n padà sí kíláàsì.

N kò kábàámọ̀ ohun tí a ṣe títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ náà, kálukú wa jí abọ́ ńlá ìyá rẹ̀ gbé wá. A bu gààrí àti ẹ̀wà sí mẹ́wàá nínú wọn, a fi bébà wé ọṣẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì fi aṣọ bò ó, bí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ ọdún ránṣẹ́ sí ará ilé. Ẹni tó bá rí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kì í bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. A tò gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ sí Agbowó, àwọn awakọ̀ sì ń bi wá pé ìyàwó wo là ń sìn láàárọ̀ kùtùkùtù. Èmi ni mo gbé ti ìyá Rísíkátù. “Wọ́n ní ká gbé e fún yín mà,” ni mo wí, mo sì sáré jáde.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ padà wá lófìfo. Àwọn ìyá ní àwọn ti rí tàwọn gbà, àwọn dúpẹ́. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnlékè fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Wọ́n gba báàjì akọ̀wé mi, wọ́n tú ẹgbẹ́ ká, wọ́n sì ní ká gé koríko pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun kan ni a gbàgbé: lọ́dọ̀ wa, kò sí ìyá ilé tó ń dá abọ́ padà lófìfo. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a wà nídìí koríko nígbà tí àwọn ìyá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọ géètì, aṣọ ilé ìwé wa ni wọ́n fi dá wa mọ̀. Abọ́ wà lórí wọn, aṣọ wà lórí abọ́: ilá, ọsàn, ata, àgbàdo tútù. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí a sá fún ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

Ìyá Rísíkátù ló ṣíwájú, wọn kò sì tẹ orí ba. Wọ́n gbé abọ́ lé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. “Ẹ bá wa fún àwọn ọmọ. Wọ́n kí wa, àwa náà wá kí wọn.” Ọ̀gá wa, tí a kò rí ẹ̀rín wọn rí, kúnlẹ̀ gbà á. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnlékè náà kúnlẹ̀. Gbogbo kíláàsì ti yọrí lójú fèrèsé.

“Ìyá ta nìyẹn?” ni ẹnì kan bèèrè.

Rísíkátù ju àdá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Màámi ni!” Ó pariwo rẹ̀.

Agbowó ti yí padà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gba àgbàlá àwọn ìyá náà, ike tí wọ́n ń jù nù sì ni a fi ń gbé oúnjẹ fúnra wa báyìí. Ṣùgbọ́n ojú ṣì ń ti èèyàn bó ṣe ń tì wọ́n nígbà náà, ẹni tó bá sì fẹ́ fúnni ní nǹkan gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tí a jọ kàwé ṣì ń sọ pé èmi ni mo tú ẹgbẹ́ yẹn ká. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Rísíkátù bá wa parí ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ.