Agbọ́n Kọ́lé, Wọ́n Dá Àbúrò Mi Lẹ́bi

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá ológun tó wá kí bàbá mi kú ọ̀fọ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá Ṣakí. Ilà ojú rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ sí àgbẹ̀ oníṣu tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ó sì ní kí n máa túmọ̀. Èrè yunifásítì mi nìyẹn: mo di ògbufọ̀ láàárín Yorùbá méjì.

Àbúrò mi ló kú. Bàálù ológun ló ń wà, ó sì já nínú ọyẹ́. Ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ títí, àmì ẹ̀yẹ ń dún wínní-wínní láyà rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ti ṣèwádìí, wọ́n sì rí i pé àbúrò mi ló ṣi bàálù wà.

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tí wọ́n jọ ń wa bàálù ti sọ òótọ́ fún mi. Pàìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nímú bàálù. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí eré ṣe tó. Wọ́n páàkì bàálù náà sílẹ̀ láìbo ẹnu pàìpù, agbọ́n sì fi ẹrẹ̀ kọ́lé síbẹ̀, bó ṣe ń kọ́ ọ sí igun fèrèsé wa. Nínú ọyẹ́ téèyàn ò ti rí ilẹ̀ rí ọ̀run, bí bàálù ṣe ń gòkè ni ẹ̀rọ ń sọ pé eré ti pọ̀ jù. Àbúrò mi gba ẹ̀rọ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé imú bàálù sókè kí eré lè rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré ọ̀hún ò tó nǹkan tẹ́lẹ̀. Eré ò tó gbé e dúró lófuurufú mọ́, bàálù já.

Wọn ò bá ẹni tó gbàgbé ìbòrí wí. Wọn ò bá ẹni tó ní kí bàálù gbéra wí. Òkú ni wọ́n bá wí, nítorí òkú kì í gba lọ́yà.

"Kí ló wí?" bàbá mi bi mí.

"Ó ní ọmọ yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀." Mo wá ro ti agbọ́n àti pàìpù fún un. Ọ̀gá wa ń wo bàtà ara rẹ̀; ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí ògbufọ̀.

Ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn máa fi orúkọ àbúrò mi sọ ẹnu ọ̀nà bárékè kan, pé kí bàbá wá ṣí i, bí a ò bá ti ní pariwo fún oníròyìn. Ìyẹn ni mo túmọ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ọmọ mi ná," bàbá mi wí, "kẹ́ ẹ tó gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ ara ògiri."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n rán mi ni," ọ̀gá náà bẹ̀bẹ̀.

"Háà! Ẹ gbọ́ Yorùbá? Ẹ lọ fi í jíṣẹ́ fún ẹni tó rán yín pé mo kọ̀."

Níta, dírẹ́bà rẹ̀ ti ṣí búùtù kalẹ̀. Aláṣẹ kan kì í wá sí Òkè-Ògùn kó padà láìru iṣu. Dírẹ́bà náà tiẹ̀ ti sún táyà àpamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Pa á dé," ni bàbá mi wí.

Èmi ni mo bá a pa á dé. Mo fi gbogbo agbára mi gbá a, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ sì là.

"Kí lèyí, bọ̀ọ̀dá?" dírẹ́bà figbe ta.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," mo dá a lóhùn. "Ọ̀gá ẹ máa kọ ọ́ pé ìwọ lo ṣi ọkọ̀ wà."